Nígbà Wo Ni A Máa Ń Sọ Ọ́? Ọ̀rọ̀ Òòjọ́ Láàrin Màmá Àgbà àti Ọmọ Ọmọ Rẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù dé, màmá mi pè mí sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọ̀kà Àkókó. Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n fi ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n ní, “Ọmọ ọmọ mi ń bẹ níwájú mi, àmọ́ bí ẹni tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ni mo rí. Bí mo bá lọ lónìí, kí ni yóò rántí pé mo sọ fún òun?”

N kò rí èsì fọ̀, nítorí mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ tèmi kò mọ́ níbẹ̀.

Láàárọ̀, ọmọ náà fi ẹsẹ̀ kọ òkúta ẹnu ọ̀nà, díẹ̀ ló kù kí ó ṣubú. Màmá sáré dìde: “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o.” Ọmọ náà yíjú sí mi, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè ìdí tí Màmá Àgbà fi ń tọrọ àforíjì. Ṣé àwọn ni wọ́n gbé òkúta síbẹ̀ ni? Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ Màmá, ó sì já lù wọ́n lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà wò wọ́n, àánú hàn lójú rẹ̀, àmọ́ kò la ẹnu. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò ṣẹ̀ kì í tọrọ àforíjì. Lójú Màmá, ọmọ tó rí i pé ìyá bàbá òun fara pa, tí kò lè sọ pé “Ẹ pẹ̀lẹ́”, kò gba ẹ̀kọ́ ilé. Kò sẹ́ni tó ṣẹ ẹnì kejì, síbẹ̀ ọ̀ràn náà dun àwọn méjèèjì.

Èmi gan-an ni mo jẹ̀bi. Ní ọjọ́ tó dé, mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá fún un sórí bébà kan, kí ó lè fi wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo kọ “pẹ̀lẹ́”, mo sì kọ “sọ́rì” sí iwájú rẹ̀. Èmi tí mo gboyè nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, mo fún ọmọ ní ọ̀rọ̀, n kò fún un ní ìlò rẹ̀.

Ìwé tó gbé dání láti Lọ́ńdọ̀nù

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ẹdó sì ni ìyá rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi pàdé, òun náà ni wọ́n sì ń sọ nínú ilé. Nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n máa bá a sọ Yorùbá. Wọ́n ní èdè méjì yóò dàrú mọ́ ọmọ lórí. Ọ̀pọ̀ òbí ló ní irú èrò yìí, ìfẹ́ ọmọ ló sì fà á. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kan náà ti ń kọ́ èdè Sípáníìṣì ní ilé ìwé rẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn, orí rẹ̀ kò sì dàrú. Ó tilẹ̀ gbé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dání wá sí Ọ̀kà, nítorí ìdánwò ń dúró dè é.

Ìwé yẹn ni a jọ ṣí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti fa ìlà sí àárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan: Sípáníìṣì lápá òsì, Gẹ̀ẹ́sì lápá ọ̀tún. Níbì kan, mo rí “lo siento”, tí ó kọ “sọ́rì” sí iwájú rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ó ti fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ pé a tún máa ń sọ ọ́ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mo ní kí ó ṣàlàyé. Ó ní bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ohun tó ń wí ni pé “mo mọ̀ ọ́n lára”. Ẹni tó ṣẹ̀ lè sọ ọ́. Ẹni tó wá bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn náà lè sọ ọ́. Bí ènìyàn bá sì fi èjìká gbá ẹlòmíràn láàrin èrò, ọ̀rọ̀ mìíràn wà fún ìyẹn, “perdón”.

Mo ní, “Ó dára. Nígbà tí Màmá sọ pé pẹ̀lẹ́ láàárọ̀, wọn kò tọrọ àforíjì. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ìrora rẹ kan àwọn náà.” Ojú rẹ̀ là. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá béèrè pé, “Nígbà tí ọmọ odó já lù wọ́n ńkọ́?” Kò dúró gba èsì. Ó dìde, ó lọ bá Màmá nínú yàrá, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀: “Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹsẹ̀.” Ọ̀rọ̀ kò tíì di gbólóhùn, ṣùgbọ́n Màmá gbọ́ ọ yé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a fa ìlà mìíràn sínú ìwé náà. Yorùbá gba àyè kẹta. Lókè àyè kẹrin, a kò kọ orúkọ èdè kankan, ohun tí a kọ síbẹ̀ ni “Nígbà wo ni a máa ń sọ ọ́?” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi kún un, nígbà mìíràn ní Ọ̀kà, nígbà mìíràn ní ilé tèmi ní Ìkàrẹ́.

Ebi tí a ní àti ebi tí ń pani

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a fi bẹ̀rẹ̀. Elédè Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ̀rọ̀ ebi bí ẹni tó ń sọ irú ènìyàn tí òun jẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé ènìyàn ga tàbí ó kúrú. Nítorí náà, “mo jẹ́ ebi” ni ọmọ náà kọ́kọ́ sọ fún Màmá. Ní èdè Sípáníìṣì, níní ni a ń ní ebi: “tengo hambre”, mo ní ebi, “tengo sed”, mo ní òǹgbẹ, “tengo sueño”, mo ní oorun. Ọjọ́ orí pàápàá, níní ni wọ́n ń ní in: “tengo trece años”, mo ní ọdún mẹ́tàlá.

Àwa ńkọ́? Ebi ń pa wá, òǹgbẹ ń gbẹ wá, oorun ń kùn wá, òtútù ń mú wa. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní ó dà bí ẹni pé ní Yorùbá, ebi jẹ́ ẹnì kan tó ń bọ̀ wá kọlu òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, àti pé ìdí nìyẹn tí Màmá fi ń sáré sí ìdí iná bí ó bá ti sọ pé ebi ń pa òun. Bákan náà ni “me gusta” ṣe ràn wá lọ́wọ́. Elédè Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́ràn ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ní Sípáníìṣì, ìrẹsì ni yóò wu ènìyàn, bí àwa náà ti ń sọ pé “ó wù mí”. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti dí i lójú, Sípáníìṣì ti là á sílẹ̀ ṣáájú.

Ọ̀wọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì òde òní fi ń pe ọmọdé àti àgbà tí a ń bá sọ̀rọ̀. Sípáníìṣì ní “tú” fún ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀, ó ní “usted” fún àgbà àti àlejò. Nítorí náà, nígbà tí mo sọ “o” àti “ẹ” fún un, kò yà á lẹ́nu. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ọ̀wọ̀ tiwa kò parí sí ọ̀dọ̀ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, Màmá lé orí sí yàrá, wọ́n ní, “Wọ́n ti dé o.” Ọmọ náà sáré jáde láti wo àwọn àlejò. Bàbá kan ṣoṣo ló bá lẹ́nu ọ̀nà, àbúrò bàbá mi. Ó wo ẹ̀yìn wọn bóyá àwọn yòókù ṣì ń bọ̀. Mo wá sọ fún un pé àwọn Faransé náà máa ń fi ọ̀rọ̀ ọlọ́pọ̀ pe ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n bá bọ̀wọ̀ fún, kì í ṣe àwa nìkan.

Ibi tí ó ti pẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ ẹbí. “Hermano” jẹ́ ọkùnrin, “hermana” jẹ́ obìnrin; “primo” àti “prima” náà rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òbí ẹni. Akọ tàbí abo ni èdè náà kọ́kọ́ ń béèrè. Ohun tí Yorùbá kọ́kọ́ ń béèrè ni ẹni tó kọ́kọ́ dé ayé. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọkùnrin ni àbúrò tàbí obìnrin. Mo ní kò sí èyí tí kò lè jẹ́. Ó tún béèrè ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe àwọn ọmọ tí wọ́n jẹ́ “primo” òun. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n, tàbí àbúrò rẹ̀. Ó mú pẹ́ńsù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n láti Ọ̀kà dé Ìkàrẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni àwọn òbí rẹ̀ bí. Nígbà tó kà á tán, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá. Ó fa ìlà sábẹ́ iye náà lẹ́ẹ̀mejì.

Oúnjẹ káfíńtà

Bọ̀dá káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ń jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí a kọjá. Wọ́n ní, “Ẹ wá jẹun.” Kí n tó wẹ̀yìn, ọmọ náà ti wọlé, ó ti ń wá omi ìfọwọ́. Bọ̀dá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sún àwo sí i, ó sì jẹ òkèlè méjì kí n tó dá sí i. Ìtìjú bá a nígbà tí mo ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìpè náà jẹ́ ìkíni, àti pé èsì tó yẹ ni “Á gbabi ire”. Ṣùgbọ́n ó tún rántí nǹkan. Ó ní àwọn elédè Sípáníìṣì máa ń sọ “buen provecho” fún ẹni tí wọ́n bá bá nídìí oúnjẹ, kí oúnjẹ náà lè ṣe ara rẹ̀ ní àǹfààní, àti pé olùkọ́ òun ti sọ pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an fún un. Èmi kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Mo ní kí ó kọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

“Mo ń bọ̀” ni ó bí i nínú. Mo sọ ọ́ fún un nígbà tí mo ń jáde lọ sí Ìkàrẹ́, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà títí, nítorí ó ti kọ́ pé bíbọ̀ ni wíwá. Ó béèrè ìdí tí ẹni tó ń lọ yóò fi sọ pé òun ń bọ̀. Mo ní ẹni tó kàn sọ pé “mo ń lọ” dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ni lójú. Ẹni tó sọ pé “mo ń bọ̀” ti fi ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé. Ó rò ó, ó wá fi “ahorita” wé e. Láti ara “ahora”, èyí tí í ṣe “ìsinsìnyí”, ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, síbẹ̀ ní Mẹ́síkò, ó lè jẹ́ ìsinsìnyí, ó sì lè jẹ́ ìrọ̀lẹ́. Inú rẹ̀ yọ́.

Ìgbá àti igbá ní ọjà Ìkàrẹ́

Olùkọ́ Sípáníìṣì rẹ̀ ti kìlọ̀ fún wọn nípa “embarazada”. Létí elédè Gẹ̀ẹ́sì, ó jọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé ojú ń ti ènìyàn. Aboyún ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí ojú ń tì lè tipa bẹ́ẹ̀ kéde oyún tí kò ní. Ó fi èyí rẹ́rìn-ín, títí di ọjọ́ tí a lọ sí ọjà Ìkàrẹ́, tí Màmá ní kí ó fúnra rẹ̀ ra ìgbá. Ó sọ ọ́ láìfi ohùn sí i. Ìyá tó ń ta gàrí ṣí igbá tó fi bo ọjà rẹ̀, ó nà án sí i, ó sì ń béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Láti ọjọ́ náà ni ó ti gbà pé àmì orí ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbá ni a ń jẹ, igbá ni a fi ń bu nǹkan, igba ni iye tó tẹ̀lé mọ́kàndínnígba, ìgbà ni àkókò.

Mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ yóò dojú rú fún nínú ọjà yẹn. Ilẹ̀ Àkókó kún fún èdè. Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá tiwọn, tó yàtọ̀ sí ti inú ìwé, àmọ́ bí ènìyàn bá lọ sí Àrígìdì, tàbí Ìkáràmù, tàbí Auga, èdè mìíràn pátápátá ni yóò bá láàrin àwọn ará ilé. Gbogbo wọn ń pàdé ní ọjà Ìkàrẹ́, wọ́n sì ń ná ọjà. Bí àwọn ìyá wa ṣe kọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn nìyẹn láìsí ìwé: wọ́n kọ́ ìkíni nídìí ìkíni, wọ́n kọ́ iye owó nídìí ọjà, wọ́n kọ́ ìkẹ́dùn nílé ọ̀fọ̀. Àyè kẹrin inú ìwé wa ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ìwé lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe

N kò fi èyí bu ìwé atúmọ̀ èdè kù. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí wọ́n sì tú sílẹ̀ ní Sàró ní 1822, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1843, ó sì mú un gbòòrò sí i ní 1852. Ẹni tó ti bọ́ kúrò nílé rí mọ iyì ọ̀rọ̀ ilé. R. C. Abraham náà gbé ìwé atúmọ̀ ńlá jáde ní 1958, èyí tó kún fún gbólóhùn tí ń fi ìlò hàn. Gbogbo wa ni a jẹ wọ́n ní gbèsè.

Ṣùgbọ́n ìwé kan wà tí mo máa ń rántí pẹ̀lú ìbànújẹ́ díẹ̀. Ní 1957, ní Kúbà, Lydia Cabrera tẹ “Anagó: Vocabulario lucumí” jáde. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé ibẹ̀ ni ó kó jọ, ó sì fi Sípáníìṣì túmọ̀ wọn. Omi ṣì jẹ́ omi níbẹ̀, ilé ṣì jẹ́ ilé. Àṣẹ di “aché” nínú ìkọ̀wé, nítorí Sípáníìṣì kò ní ṣ. Àwọn olùsìn òrìṣà ní Kúbà pa ọ̀rọ̀ wọ̀nyí mọ́ nínú orin àti àdúrà, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n sì ṣe. Síbẹ̀, Sípáníìṣì ni ìyá fi ń pe ọmọ wá jẹun. Ẹrú ni wọ́n kó àwọn wọ̀nyẹn, agbára wọn kò ká a. Kò sí ẹni tó kó ẹ̀gbọ́n mi lẹ́rú. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ohun inú ìwé nìkan ní ilé tiwa, ọwọ́ ara wa ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà lókè òkun, tàbí tó wà ní Èkó pàápàá tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ, ẹ má ṣe kó ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ lé e lórí. Ẹ mú márùn-ún. Ẹ sọ “pẹ̀lẹ́” nígbà tó bá kọsẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ “ẹ pẹ̀lẹ́” nígbà tí ẹ̀yin náà bá ń wú ikọ́. Ẹ kí i kú iṣẹ́ bí ó bá ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé. Bí ó bá ń kọ́ Faransé tàbí Sípáníìṣì, ẹ bi í ní ohun tí àwọn yẹn máa ń sọ ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ti gbà pé èdè méjì lè pín ayé bó ṣe wù wọ́n kò ní fi ẹ̀kẹta ṣe ẹ̀rù.

Kò mọ gbogbo rẹ̀ tán. Títí tó fi ń lọ, ó ṣì ń dàpọ̀ mọ́ “o” àti “ẹ”, ó sì sọ “pẹ̀lẹ́” fún ewúrẹ́ kan tó forí gbá àga, tí Màmá fi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ní ọjọ́ tó ń padà, Màmá bá wa dé ibùdókọ̀ Ìkàrẹ́. Nígbà tí awakọ̀ ní kí a wọlé, Màmá di ọmọ náà mú, wọn kò sì lè sọ̀rọ̀. Mo ti ń múra láti ràn án létí pé “ó dàbọ̀” ni a máa ń sọ ní irú àkókò yìí.

Kò wò mí. Ó ní, “Màmá, mo ń bọ̀.”

Màmá ní, “Mò ń retí rẹ o, ọmọ mi.”

Nínú ọkọ̀, ó yọ ìwé rẹ̀ jáde, ó béèrè ìtumọ̀ “retí” lọ́wọ́ mi. Mo ní kí ó kọ́kọ́ sọ ti Sípáníìṣì. Ó ronú, ó ní “esperar”: ọ̀rọ̀ kan náà ni fún ẹni tó dúró de ènìyàn àti ẹni tó ní ìrètí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó dé àyè kẹrin, kò bi mí ní ohunkóhun mọ́.